Bàbá tí mo pè ní ‘el señor ese’

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní ọdún kejì tí mo dé Madrid, mo fi ọ̀rọ̀ kékeré kan lé oníbàárà jáde. Ṣọ́ọ̀bù èso ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní frutería: àpótí ọsàn, tòmátò, ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri, òṣùwọ̀n kan lórí káńtà, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọsàn kílò méjì, èyí tí èèyàn máa ń fún omi rẹ̀ mu. Èyí tó wà níwájú mi ti ń rọ̀. Mo kọjú sẹ́yìn, mo ké sí ọ̀gá mi tó ń tú ẹrù nínú yàrá inú: “¡El señor ese quiere dos kilos!”

Lọ́kàn mi, ohun tí mo sọ ni pé bàbá tó wà níbẹ̀ yẹn fẹ́ kílò méjì. Ohun tí bàbá gbọ́ yàtọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n tún un sọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jẹ ata láìmọ̀: “El señor ese.” Wọ́n ká ọ̀rá wọn, wọ́n fi sápò, wọ́n jáde. Ọ̀gá mi dé káńtà, ó bá mi pẹ̀lú ẹnu lílà.

“Kí lo sọ fún wọn?”

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan o, ọsàn ni mo bá wọn béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ mi ṣe dé inú kòtò yìí. Nínú Yorùbá, ẹ̀yìn orúkọ ni yìí àti yẹn ń gbé: ilé yìí, ọsàn yẹn, àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “yẹn ọsàn”. Ìwé tí mo fi kọ́ Sípáníìṣì ní iwájú ni tiwọn ń wà: esta casa, esa naranja. Ó ṣòro fún mi. Kí n tó rántí ese, orúkọ ti jáde lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo wá gbọ́ tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ pé la caja esa, el cuchillo ese, inú mi dùn: àwọn èèyàn yìí náà lè gbé e sẹ́yìn! Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan di ‘esa’ lẹ́yìn. Las naranjas esas. Los tomates esos. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, torí pé ọsàn kì í bínú.

Èèyàn ló ń bínú. Tí ese bá síwájú, ese señor, ó lè jẹ́ ìtọ́ka lásán. Tí ó bá kọjá sẹ́yìn, tí ó sì jẹ́ èèyàn là ń tọ́ka sí, pàápàá èèyàn tó dúró níwájú rẹ, ó dà bí ìgbà tí o yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o tó sọ pé “ẹni yẹn”. O ti tì í jìnnà. Ìdí nìyí tí bàbá fi ká ọ̀rá wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ àbùkù, èyí ló sì mú kí ó ṣòro láti kọ́: tí ọ̀rẹ́ bá sọ fún ọ pé “¿Te acuerdas del bar ese?”, ohun tó ń sọ ni pé ṣé o rántí ilé ọtí kan báyìí tí àwa méjèèjì mọ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Ojú, ohùn, àti ẹni tó wà nítòsí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn olóṣèlú wọn mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Mariano Rajoy, tó jẹ́ olórí ìjọba Sípéènì láti 2011 sí 2018, sá fún orúkọ Luis Bárcenas tó ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó abẹ́lẹ̀ gba ìlú kan ní 2013. Tí àwọn oníròyìn bá bi í, á ní “esa persona de la que usted me habla”, ẹni tí ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi di àṣà. Esa yìí wà níwájú orúkọ o, ó sì ti ọkùnrin náà jìnnà bákan náà. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwa náà mọ bí a ti ń fi “ẹni tí ẹ ń wí un” bo orúkọ ẹni tí a bá jẹun lánàá.

Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tọ́ka, pé kì í ṣe ọnà ìwé lásán. Este, ese, aquel. Tí o bá ka akọ àti abo, ẹyọ kan àti ọ̀pọ̀, pẹ̀lú èyí tí kò jẹ́ akọ tí kò jẹ́ abo, 15 ni gbogbo wọn. Tiwa náà sún mọ́ ọn tó bá di ọ̀rọ̀ ibi: aquí, ahí, allí ni níbí, níbẹ̀, lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ wà níbi ese. Ohun tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ese ń tọ́ka sí jù. Ìyá kan á wọlé, á na ìka sí àpótí tó wà lẹ́bàá mi: “Ponme de esos”, fún mi nínú ìwọ̀nyẹn. Èmi, nítorí pé mo fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́, á tún un sọ bó ṣe wí: “¿De esos?” Ìyá á wo ẹ̀yìn ara wọn. Wọ́n ń wá ohun tí mo ń tọ́ka sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn! Ọwọ́ mi wà lórí tòmátò, ẹnu mi sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni tòmátò wà. Ohun tó yẹ kí n sọ ni “¿De estos?” Ọ̀rọ̀ náà ń yí padà bí ó bá ti ń ti ẹnu oníbàárà bọ́ sí ẹnu ẹni tó ń tà. Bí kì í bá ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi, á ní rárá, “de aquellos”, á na ọ̀pá ìka sí òkè, sí ibi tí èmi àti òun kò sún mọ́.

Aquel ń dín kù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ese ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó ṣì ń jọba ni ọ̀rọ̀ ìgbà tó ti lọ: aquel verano, ẹ̀ẹ̀rùn ìgbà yẹn lọ́hùn-ún, tí ẹni tó ń sọ ọ́ á mí kanlẹ̀ kí ó tó máa bá ìtàn lọ. Nínú ìwé, tí wọ́n bá dárúkọ ẹni méjì, este ni ẹni tí wọ́n dárúkọ kẹ́yìn nítorí pé òun ló sún mọ́ ojú tó ń kà á, aquel sì ni ti àkọ́kọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó fi èyí ra ẹ̀fọ́ rí.

Ṣùgbọ́n eso! Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kọ́ èdè yìí, ẹ fi owó ra eso. Kò tọ́ka sí nǹkan tí ojú rí; gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti sọ tẹ́lẹ̀ ló máa ń kó sẹ́yìn. Por eso, ìdí nìyẹn. Eso es, ó dáa bẹ́ẹ̀, òótọ́ lo sọ. “No vendimos nada, y eso que era sábado”: a ò tà nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni o. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n wá “a eso de las ocho”. Mo dúró kí ó parí ọ̀rọ̀. Eso wo? Kí ni aago mẹ́jọ ní? Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé nǹkan bí aago mẹ́jọ ló ń wí. Èmi tí mo ti fẹ́ béèrè bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà ní aago mẹ́jọ.

Oníbàárà kan tó wá láti Argentina wá fi este dà mí láàmú ní tiẹ̀. Tí ó bá ń ronú ohun tó fẹ́ rà, á ní “este…”, á dákẹ́, á tún ní “este…”. Èmi á ti gbé ohun tó sún mọ́ ọn jù. Àlùbọ́sà? Kò fẹ́ àlùbọ́sà. Bí àwa ṣe ń fi “kiní… kiní yìí” di àlàfo tí ọ̀rọ̀ bá sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi este ṣe ní Argentina àti Mẹ́síkò. Àwọn ará Madrid ní tiwọn, pues àti o sea, kò sì sí èyí tó ń tọ́ka sí àlùbọ́sà nínú wọn.

Mo ń sọ ti ọ̀rọ̀ ìtọ́ka bí ẹni pé òun ló ṣe mí jù. Arọ́pò-orúkọ ló ṣe mí jù. Yo, tú, él, ella: èmi, ìwọ, òun ọkùnrin, òun obìnrin. Ní ilé ẹ̀kọ́, tábìlì ni wọ́n fi kọ́ wa: yo hablo, tú hablas, él habla. Mo gbé tábìlì náà lọ sí ibi iṣẹ́. “Yo vengo, yo traigo las cajas, yo pongo aquí.” Lẹ́yìn bí oṣù kan, ọ̀gá mi bi mí bóyá ẹnì kan ń bá mi du iṣẹ́.

Ohun tí kò sí nínú tábìlì ni pé wọn kì í sọ yo tí kò bá sí ìdí. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ti sọ ẹni tó ń ṣe é: vengo, èmi ni, vienes, ìwọ ni. Tí wọ́n bá wá fi yo sí i, ohun tí a ń gbọ́ ni èmi, kì í ṣe mo. “No fui” ni mi ò lọ. “Yo no fui” lè jẹ́ “èmi ò lọ ní tèmi o”, ó sì lè jẹ́ “èmi kọ́”, ohun tí ọmọ ń sọ tí àwo bá fọ́. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé arọ́pò-orúkọ ni mo, o, ó, arọ́pò-afarajorúkọ ni èmi, ìwọ, òun. Mo há a sórí nígbà náà, mi ò rí iṣẹ́ tó fẹ́ bá mi ṣe. Àṣé Madrid ni màá ti lò ó. Èmi wá, èmi gbé àpótí, èmi tò ó síbí: ohun tí mo ń sọ létí ọ̀gá mi nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó yẹ kí ó bi mí ní ìbéèrè náà ṣíwájú oṣù kan.

Mo wá kọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé a ní díẹ̀ nínú rẹ̀. “Kò wá.” Ta ni kò wá? Òun ni, ẹ ò sì gbọ́ ó kankan níbẹ̀. “Yóò wá lọ́la.” Bákan náà. Nígbà tí mo mọ èyí, mo rò pé mo ti dé èbúté. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti gbé mi.

Ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá rajà ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá mi kò sí. Ọkùnrin náà tọ́ àpò wò, kò mú owó dání. Ó ní òun á san án lọ́la. A mọ̀ ọ́n, mo jẹ́ kí ó máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi: “Vino con su hijo y dijo que él pagaba mañana.” Ó wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá san án lọ́la. Mo fara balẹ̀ fi él síbẹ̀ kí ó má bàa ṣi mí gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà kọjá lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ọmọ tí kò lè ju ọdún 14 lọ. Ọ̀gá mi pè é wọlé, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ọmọ náà wo ọwọ́, ó wò mí. Mo wo òrùlé.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Tí Yorùbá bá sọ pé “Ó ní òun yóò san án lọ́la”, kò sí àríyànjiyàn, ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló fẹ́ san án. Òun ti so ó mọ́ ẹni tó lẹnu. Tí mo bá yọ òun kúrò, “Ó ní yóò san án lọ́la”, ojú wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn: ọmọ rẹ̀ ni, tàbí ìyàwó rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Sípáníìṣì yí i dorí kodò. “Dijo que pagaba mañana”, láìsí él, ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ṣì wà. Wọ́n dákẹ́ nítorí pé a kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá fi él sí i, tí ọkùnrin méjì sì wà nínú ọ̀rọ̀, etí á gbà pé a ti yà sọ́dọ̀ ìkejì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí la tún ṣe ń pè é? Él tí mo fi tọ́jú òtítọ́ ni ó gbé gbèsè bàbá lé ọmọ lórí.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí èdè ti fi irú gbólóhùn báyìí dán àwọn tó ń sọ Ítálì àti Sípáníìṣì wò. Èyí tó dákẹ́ máa ń padà sọ́dọ̀ olùwà gbólóhùn tó ṣáájú, èyí tí a pè jáde sì máa ń wá ẹlòmíràn. Ti Ítálì le jù, ti Sípáníìṣì rọ̀ díẹ̀. Ìtẹ̀sí ni, kì í ṣe òfin. Tí kò bá sí ọkùnrin kejì nínú ìtàn mi, ọ̀gá mi ìbá gbọ́ él bí “òun fúnra rẹ̀”. Ọmọ yẹn ló dúró síbẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún òun. Mo ti ń lò ó láti kékeré láìmọ̀ pé irinṣẹ́ ni. Tí ìyá mi bá ń ròyìn ìjà tí àwọn obìnrin mẹ́ta jà lọ́jà, ó ní òun ò ṣe, ó ní ó ṣe, ó ní òun ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, a mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbìyànjú láti túmọ̀ ìjà yẹn sí Sípáníìṣì. Ella, ella, ella. Á di ìjà tuntun.

Ìyá mi náà wá fa tiwọn. Wọ́n pè mí pé ara wọn kò yá, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi kí n lè lọ fowó ránṣẹ́. Mo ní, “Mi madre dice que están enfermos.” Màmá mi ní ara àwọn ò yá. Ọ̀gá mi fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro: “Gbogbo wọn? Ẹni mélòó?” Ẹnì kan ni. Ìyá kan ṣoṣo ni. Ẹ wo bí mo ti ń pe bàbá ọlọ́sàn ní wọ́n láti òkè, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì rò pé èrò ló wọlé. Ọ̀wọ̀ ti Sípáníìṣì kì í tẹ̀ lé àgbà dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún: usted ni wọ́n ń pè ọ́ tí o bá wà níbẹ̀, látinú vuestra merced, bí ẹni ń sọ pé “ọlá yín”. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ fi dà bí ti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní kété tí o bá jáde, o di él bíi gbogbo ayé. Ó dùn mí díẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀ ìyá mi bí ẹgbẹ́ mi, mi ò purọ́.

Ní Sípéènì gan-an, usted ti ń fà sẹ́yìn. Ọmọdé ń pe oníṣọ́ọ̀bù ní tú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, níbi ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè ní Santiago ní Chile, Ọba Juan Carlos ti Sípéènì sọ fún Ààrẹ Hugo Chávez ti Venezuela pé “¿Por qué no te callas?” Gbogbo ayé gbọ́ pé ó ní kí ó dákẹ́. Èmi te ni mo gbọ́. Kò ní kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́, ó ní kí ló dé tí o ò dákẹ́, ọba sí ààrẹ, níwájú èrò. Lójú tèmi, ìlàjì ọ̀rọ̀ náà wà nínú te yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí mi ò fi ọgbọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: obìnrin ará Dominican Republic tó máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́dọ̀ wa. Ará Madrid á ní “¿Qué quieres?” Tirẹ̀ ni “¿Qué tú quieres?”, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Kúbà àti Puerto Rico náà. Kí ni o fẹ́: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró ní àyè rẹ̀, arọ́pò-orúkọ jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi tilé. Wọ́n ní ó lè jẹ́ nítorí pé s ìparí ọ̀rọ̀ ti ń já bọ́ lẹ́nu àwọn ará erékùṣù, tí quiere àti quieres di ọ̀kan náà, tí wọ́n fi nílò tú kí ẹni tí à ń wí lè yéni. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn Lukumí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, pọ̀ ní Kúbà, ọkàn mi sì fẹ́ sọ pé àwọn ló fi tú síbẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́.

Bàbá ọlọ́sàn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá mi ti bá wọn pàdé ní ojú títì, ó ti ṣàlàyé pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ni. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ mi tò lọ́kàn kí n tó lanu: usted, le, señor. Wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí akígbe, wọ́n sì kéde ara wọn fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù:

“Ya está aquí el señor ese.”

Àwọn tó wà nínú ilé rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sún mọ́ káńtà, wọ́n na ọ̀pá sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“De esos.”

Mo gbé ọwọ́ lé ọsàn. “¿De estos?”

“De esos,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọ̀rá wọn sí mi.